Brooklands: Ọ̀nà tí Wọ́n Tẹ́ fún Eré Àsápajúdé

Ní ọdún 1903, ilé aṣòfin Ìlú Ọba fi òfin lélẹ̀ pé mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 20 lọ láàárín wákàtí kan lójú pópó. Àwọn ará abúlé tí adìẹ wọn ń kú sábẹ́ táyà, tí eruku ọkọ̀ sì ń bo ilé wọn, kò fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú àwọn tí ń ṣe mọ́tò ni kò dùn. Ní ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ ti wà ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ń sá ju máìlì 80 lọ ní wákàtí kan. Níbo ni ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ ní Coventry tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti dán ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wò, nígbà tí ọlọ́pàá sá pamọ́ sẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú aago lọ́wọ́, tí ó ń ṣọ́ ẹni tí yóò kọjá?

Ní ilẹ̀ Faransé, ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń díje, láti ìlú kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù karùn-ún ọdún 1903 ni wọ́n gbéra ìdíje láti Paris lọ sí Madrid. Èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, eruku bo ojú àwọn awakọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì já wọ àárín èrò tàbí kí wọ́n forí sọ igi. Marcel Renault, tí òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Renault sílẹ̀, wà nínú àwọn tí wọ́n bá ìdíje náà lọ. Kí wọ́n tó kúrò ní Faransé ni ìjọba ti dá wọn dúró ní Bordeaux. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé agbára mọ́tò ti ju ojú títì lọ. Bí wọn yóò bá máa bá a lọ láti fi kún agbára náà, àfi kí wọ́n wá ilẹ̀ tí kò ní èrò, tí kò ní adìẹ, tí òfin máìlì 20 kò sì dé.

Ẹni tí ó wá ilẹ̀ náà kì í ṣe oníṣòwò mọ́tò rárá. Hugh Fortescue Locke King ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ tí ó ń gbé ní Weybridge, ní àgbègbè Surrey, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1905 ó lọ wo ìdíje ní Brescia, ní ilẹ̀ Ítálì. Ó rí ọkọ̀ Ítálì, ó rí ti Faransé, kò sì rí ti ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ó béèrè ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé kò sí ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè ti kọ́ ọkọ̀ wọn ní eré. Ó padà sílé, ó wo oko àti igbó tí ó wà lẹ́bàá odò Wey nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì pinnu pé ibẹ̀ ni òun yóò tẹ́ ọ̀nà náà sí, pẹ̀lú owó ara òun.

Mo ti ka ìtàn ọ̀pọ̀ ọlọ́lá tí ó ná owó sórí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ná an tó báyìí. Ọ̀gágun Capel Holden, ọmọ ogun oníbọn ńlá, ni ó ya àwòrán ọ̀nà náà. Ohun tí Locke King ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ rọrùn ju èyí tí Holden gbé kalẹ̀ lọ. Holden ṣàlàyé fún un pé bí ọkọ̀ yóò bá yí kọ́nà lórí eré máìlì 120 láìjá sóde, a kò lè fi ilẹ̀ tẹ́jú sílẹ̀ níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ gbé etí òde rẹ̀ sókè kí ọ̀nà náà lè gba ọkọ̀ mọ́ra, kí awakọ̀ máa sáré yí inú rẹ̀ bí ìgbà tí ọsàn bá ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú igbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 1906. Ọ̀pọ̀ lébìrà ni wọ́n kó wá. Wọ́n gé igbó, wọ́n yí ojú odò padà, wọ́n mọ òkè yẹ̀pẹ̀ méjì tí wọ́n ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 29, wọ́n sì da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀ lórí. Gígùn ọ̀nà náà jẹ́ máìlì 2.75, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Kò sí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ayé.

Owó tí wọ́n ná sórí ọ̀nà náà tó nǹkan bí £150,000. Ní ọdún 1907, owó ńlá tí ó lè wó ilé ọlọ́rọ̀ ni, ó sì fẹ́ẹ̀ wó ti Locke King lóòótọ́. Ara rẹ̀ kò le mọ́, gbèsè gba gbogbo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ethel, ni ó dìde. Ọmọ Thomas Gore Browne ni, ẹni tí ó ti jẹ́ gómìnà New Zealand. Òun ni ó gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ ọkọ, òun ni ó kàn sí àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n wá gbé owó sílẹ̀, òun náà ni ó sì dúró ti iṣẹ́ náà títí ó fi parí. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn Brooklands sábà máa ń dárúkọ ọkọ kí wọ́n tó rántí ìyàwó. Ní tèmi, láìsí Ethel, àtíbàbà àwọn lébìrà àti òkè yẹ̀pẹ̀ ni ì bá kù níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1907, tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó wa ọkọ̀ Itala rẹ̀ ṣíwájú àwọn àlejò yí i ká.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni Selwyn Edge dé. Ọmọ tí wọ́n bí ní Australia ni, òun ni ó sì ń ta ọkọ̀ Napier. Ó ti ṣèlérí ní gbangba pé òun yóò wa ọkọ̀ kan fún wákàtí 24 láìgbé e fún ẹlòmíràn, òun kò sì ní jẹ́ kí eré òun dín sí máìlì 60 ní wákàtí kan. Àwọn kan sọ pé ara ènìyàn kò lè gbà á. Ó kó Napier mẹ́ta wá, tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé, òmíràn pupa, òmíràn funfun. Àwọn awakọ̀ méjì méjì ń pààrọ̀ ara wọn lórí ọkọ̀ méjì tó kù. Edge nìkan ni kò pààrọ̀. Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, wọ́n gbéra.

Ẹ fojú inú wo òru ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ìgbà náà kò ní iná tí ó lè tàn síwájú tó fún irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n to fìtílà pupa yí etí inú ọ̀nà náà ká, wọ́n sì gbé iná ńlá sí òkè kọ́nà kí awakọ̀ lè mọ ibi tí kọnkéré parí sí. Òjò rọ̀ sí wọn lára, kọnkéré tuntun náà sì ti ń já lábẹ́ táyà, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń ta padà. Táyà ń bú. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n tún ń padà sójú ọ̀nà. Nígbà tí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì fi lù, Edge ti wa ọkọ̀ ju máìlì 1,581 lọ. Ìṣirò eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 66 ní wákàtí kan, pẹ̀lú gbogbo ìdúró rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ méjì yòókù náà parí. Ẹni tí ó bá mọ bí mọ́tò ṣe máa ń dákú lójú ọ̀nà nígbà náà yóò mọ̀ pé ìyanu gidi ni kí mẹ́ta bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò kò sùn. Weybridge jẹ́ ìlú àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n wá sinmi kúrò nínú ariwo Lọ́ńdọ̀nù, ariwo náà sì bá wọn délé. Wọ́n gbé Locke King lọ sí ilé ẹjọ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré lóru ní Brooklands mọ́. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé kò sí ẹni tí ó lè gbìyànjú wákàtí 24 tí kò dúró níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje ọlọ́jọ́ gígùn ní ọdún 1929, wákàtí 12 ni wọ́n sá lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ti ọkọ̀ mọ́lé lóru, wọ́n sì tún sá wákàtí 12 lọ́jọ́ kejì.

Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1907. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ṣe ìdíje mọ́tò lójú kan rí, ti eré ẹṣin ni wọ́n kó wá lódindi. Awakọ̀ kò ní nọ́ńbà lára ọkọ̀. Aṣọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀ bí àwọn agẹṣin ṣe ń ṣe. Àwọn tí ń gba owó tẹ́tẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún kó ohun mìíràn wá láti ibi eré ẹṣin: obìnrin kò gbọdọ̀ gùn. Dorothy Levitt, tí ó ti sáré lórí Napier tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun díje, wọ́n kọ̀ fún un. Èyí wáyé lórí ọ̀nà tí obìnrin gbé dìde nígbà tí ó ń wó lọ! Ní oṣù keje ọdún 1908 wọ́n gbà kí àwọn obìnrin sá ẹ̀ẹ̀kan láàárín ara wọn, Muriel Thompson sì fi ọkọ̀ Austin gba ipò kìíní. Ethel Locke King wà lára àwọn tí wọ́n jọ díje. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ti ilẹ̀kùn fún wọn, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣí.

Nísinsìnyí tí ọ̀nà ti wà, àwọn òmìrán bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì wọn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Inú epo àti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá lè jó láàárín ìṣẹ́jú kan ni agbára rẹ̀ ti ń wá. A lè mú un pọ̀ nípa kí ẹ́ńjìnnì máa yí kíákíá, a sì lè mú un pọ̀ nípa kí sílíńdà rẹ̀ tóbi. Irin tí àwọn ará ìgbà náà ní wúwo, kò sì yi tó. Bí písítìnì bá ń lọ sókè sódò ju bó ṣe yẹ lọ, yóò já, yóò sì fọ́ gbogbo ohun tó yí i ká. Epo wọn náà kò dára: bí wọ́n bá fún un mọ́ra jù nínú sílíńdà, yóò gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Sílíńdà ńlá ni ó kù fún wọn. Benz ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ọ̀kan jáde ní ọdún 1909 tí wọ́n wá ń pè ní Blitzen Benz. Sílíńdà mẹ́rin péré ni ó ní, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ lítà 21.5, ìyẹn ni pé sílíńdà kan ṣoṣo ju lítà márùn-ún lọ. Ẹ́ńjìnnì odidi púpọ̀ nínú àwọn Toyota Corolla tí a ń gùn kiri lónìí kò ju lítà 1.8 lọ. Agbára ẹṣin 200 ni Benz náà ní, kò sì ju bí ìgbà 1,600 lọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ṣéènì ni ó ń gbé agbára náà dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ní gbangba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ó ní bíréèkì. Mẹkáníìkì máa ń jókòó ti awakọ̀ láti máa fi ọwọ́ fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì máa wo ẹ̀yìn bóyá táyà ti ń ya.

Táyà gan-an ni ọ̀tá wọn. Òwú àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Agbára yòówù tí ẹ́ńjìnnì bá ní, èyí tí táyà bá lè gbé nìkan ni ó wúlò. Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ mú ipò kìíní ní láti mọ iye yíyí tí táyà òun lè fara dà kí ó tó bú, kí ó sì dúró ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 1908, Fiat àti Napier kojú ara wọn, ọkọ̀ kan sí ọkọ̀ kan. Felice Nazzaro wa Fiat olómìrán tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 18. Frank Newton wa Napier tí wọ́n ń pè ní Samson. Newton ló kọ́kọ́ ṣíwájú, èrò sì ń pariwo fún un nítorí pé ọmọ ilé ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n irin tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì Samson kán. Nazzaro nìkan ni ó parí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1909, Victor Hémery, ará Faransé, gbé Benz náà wá, ó sì fi í sá tó kìlómítà 202 ní wákàtí kan. Kò tíì sí ọkọ̀ kankan tí ń lo epo bẹntiróòlù tí ó sá ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Benz kan náà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí Bob Burman ti fi í sá tó máìlì 141 ní wákàtí kan lórí iyanrìn etíkun Daytona ní oṣù kẹrin ọdún 1911.

Fiat kò gbà. Wọ́n ṣe S76, ẹ́ńjìnnì lítà 28, sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin tó tó 290. Pietro Bordino gbé e dé Brooklands ní ọdún 1911. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ní láti wo ẹ̀gbẹ́ kí ó tó rí ibi tí ó ń lọ. Ibí ni mo ti rò pé ọgbọ́n àwọn òmìrán dé òpin: wọ́n ti kọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò sí ẹni tí ó lè ní kí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sá lórí ọ̀nà kankan láyé, kódà lórí èyí tí wọ́n tẹ́ fún un.

Ẹni tí ó fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n ni Percy Lambert. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 1913, ó gbé Talbot kan jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 4.5 lọ. Kò tó ìdámẹ́rin ti Blitzen Benz. Wọ́n ti ṣe ara rẹ̀ ní ṣóńṣó kí atẹ́gùn lè yà fún un, wọ́n sì ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kí ó máa yí dáadáa, láìmì. Kò sí ẹni tí ó tíì sáré 100 máìlì láàárín wákàtí kan rí. Ọ̀pọ̀ ti sá máìlì kan tàbí méjì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wákàtí kan gbáko, pẹ̀lú táyà ìgbà náà? Lambert yí Brooklands ká, ó tún yí i ká, lórí eré kan náà, kò yára jù, kò dẹwọ́. Nígbà tí wákàtí pé, ó ti sá máìlì 103 àti àjẹkù. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gbà á padà. Wọ́n sọ pé ó ti ṣèlérí fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé lẹ́yìn èyí òun kò ní díje mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1913, bí ó ti ń gbìyànjú rẹ̀, táyà ẹ̀yìn bú lórí òkè kọ́nà, ọkọ̀ náà sì takìtì. Lambert kú. Wọ́n sin ín sí Brompton ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ kí ó bá àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ogun Àgbáyé Kìíní ti ọ̀nà náà pa. Ọkọ̀ akẹ́rù ológun tí táyà wọn jẹ́ rọ́bà líle ba kọnkéré jẹ́. Ilé ńlá àwọn Locke King di ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tún ṣí ní ọdún 1920, ẹ́ńjìnnì bàálù tí ogun fi sílẹ̀ kún gbogbo ọjà, pọ̀ọ́kú ni wọ́n sì ń tà wọ́n. Èyí fún àwọn òmìrán ní ẹ̀mí kejì. Louis Zborowski, ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan, gbé ẹ́ńjìnnì Maybach lítà 23 ti bàálù sórí ẹsẹ̀ Mercedes àtijọ́, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Chitty Bang Bang. Ní ọdún Àjíǹde 1921 ó fi í gba ipò kìíní ní Brooklands. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Kenelm Lee Guinness wa Sunbeam lítà 18 tí ó sá tó máìlì 133.75 ní wákàtí kan. Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí ipò kìíní eré lórí ilẹ̀ gbogbo ayé wá láti Brooklands. Eré ti ń ga ju ọ̀nà náà lọ. Láti ìgbà náà, etíkun gbọọrọ ni wọ́n ń wá.

Ìtàn Fiat Nazzaro tún kù díẹ̀. Ní ọdún 1922, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fọ́ yángá ní Brooklands nígbà tí John Duff ń wà á. Ernest Eldridge ra ohun tó kù, ó fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gùn, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì bàálù Fiat lítà 21.7 sí i. Ó gbé e lọ sí Arpajon ní Faransé ní oṣù keje ọdún 1924, níbi tí René Thomas ti mú Delage tirẹ̀ wá. Eldridge ló yára jù, ṣùgbọ́n àwọn ará Faransé fẹ̀sùn kàn án pé ọkọ̀ rẹ̀ kò lè fi ẹ̀yìn rìn bí òfin ṣe wí. Wọ́n gba ẹ̀sùn náà wọlé. Eldridge wá ọgbọ́n kan dá láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi lè rìn sẹ́yìn, ó padà sójú ọ̀nà ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà, ó sì sá máìlì 146 ní wákàtí kan. Ojú títì gbogboogbò ni ó ti ṣe é, láàárín igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó ń jó láti etí kan dé èkejì.

John Parry-Thomas nìkan ni mo mọ̀ tí ó fi Brooklands ṣe ilé lóòótọ́. Ẹnjiníà ará Wales ni, inú ọgbà ibẹ̀ ni ó ń gbé. Nígbà tí Zborowski kú ní Monza ní ọdún 1924, Thomas ra ọkọ̀ mìíràn tí ó fi sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti bàálù, Liberty lítà 27, ní £125. Ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Babs, ó sì fi í sá ju máìlì 171 lọ ní wákàtí kan ní Pendine, ní Wales, ní oṣù kẹrin ọdún 1926. Ní oṣù kẹta ọdún 1927 ó padà lọ síbẹ̀ láti gba ipò kìíní eré lórí ilẹ̀ padà lọ́wọ́ awakọ̀ mìíràn, Malcolm Campbell, Babs sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ri ọkọ̀ náà mọ́ inú iyanrìn. Byfleet, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brooklands, ni wọ́n sin Thomas sí.

Ọkọ̀ tí ó bá ọ̀nà náà mu jù lọ ni ó dé kẹ́yìn. Ní ọdún 1933, Reid Railton ya àwòrán Napier-Railton fún John Cobb, oníṣòwò awọ onírun. Inú ọgbà Brooklands ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni Napier Lion, ti bàálù, sílíńdà 12, lítà 24, agbára ẹṣin tí ó ju 500 lọ: ilé-iṣẹ́ Napier kan náà tí Edge wa ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1907. Bíréèkì wà lẹ́yìn nìkan. Lábẹ́ kọnkéré, yẹ̀pẹ̀ ti rì ní ọ̀pọ̀ ibi. Níbi tí ọ̀nà gba orí odò Wey, gegele kan wà tí ó ń ju ọkọ̀ náà sókè tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 1935, Cobb yí Brooklands ká lórí eré máìlì 143.44 ní wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ó tún gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, àwọn obìnrin ti ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi dù wọ́n ní ọdún 1907. Kay Petre, ọmọ Kánádà tí gíga rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, wa Delage lítà 10.5, wọ́n ní láti to pákó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tẹ bíréèkì. Ó yí ọ̀nà náà ká lórí máìlì 134.75. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Gwenda Hawkes sá 135.95. Iye ọkùnrin tí ó lè sá bẹ́ẹ̀ ní Brooklands kò pọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni bàálù ti ń gbé inú ọgbà kan náà. Alliott Verdon Roe dán tirẹ̀ wò níbẹ̀ kí ọdún 1908 tó parí. Ilé-iṣẹ́ Vickers wọlé nígbà ogun kìíní. Hawker sì wà níbẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn eré Cobb, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1935, bàálù ogun Hurricane ti Hawker kọ́kọ́ gbéra sókè láti àárín ọ̀nà náà. Ohun tí ọ̀nà yóò dà ti hàn. Wọ́n sáré ìkẹyìn ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, ogun sì dé lóṣù tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù sí ilé-iṣẹ́ Vickers. Ó lé ní ènìyàn 80 tí ó kú. Ní ọdún 1946 ni wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà fún Vickers ní £330,000. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìdíje bínú gidigidi, inú sì ń bí mi fún wọn, ṣùgbọ́n kọnkéré náà ti fọ́ káàkiri, iṣẹ́ bàálù sì ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé.

Ní ọdún 1951 wọ́n gé apá kan òkè kọ́nà Byfleet kí àyè lè wà fún bàálù. Ibẹ̀ ni bàálù èrò VC10 ti kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1962. Orúkọ bàálù yẹn kò ṣàjèjì ní Èkó. Ní ọdún 1969 ni Nigeria Airways ra ọ̀kan tí BOAC, ilé-iṣẹ́ bàálù Ìlú Ọba, ti lò, àwọn ọ̀gá iṣẹ́ Weybridge ló ṣe é. Ní ọjọ́ ogún oṣù kọkànlá ọdún náà, bí ó ti ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà, ó já sínú igbó. Gbogbo ènìyàn 87 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Ilé-iṣẹ́ bàálù náà ti kógbá sílé. Láti ọdún 1991 ni ibẹ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n to mọ́tò àti bàálù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Napier-Railton ti padà síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń jó. Apá kan nínú òkè kọ́nà náà ṣì dúró, a lè fi ẹsẹ̀ gùn ún. Nígbà ogun kejì, wọ́n kọ́ ilé bàálù kan lé apá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Finishing Straight. Ní ọdún 2017 wọ́n gbé ilé náà kúrò, wọ́n tún kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ṣe, mọ́tò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá.